Bàbá Olówùú àti Òwú Ọgọ́rin

Ọkùnrin kan wà tó ń ta òwú. Bàbá Olówùú ni wọ́n ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, iwájú ilé rẹ̀ náà ló wà. Tí ènìyàn méjì bá wọlé, ẹni kẹta á dúró síta, á na ọwọ́ wọlé. Òwú ni lókè, òwú ni nílẹ̀. Òwú ìránṣọ, òwú tí wọ́n fi ń hun súwẹ́tà, òwú tín-ín-rín tí wọ́n fi ń so léèsì. Bí o bá bi í pé èwo ló nípọn jù, kò ní wò ó. Á fi ìka méjì rọra yí i, á dá ọ lóhùn. Kì í ṣì í.

Ó ṣì í rí o. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ìyẹn ló fi rí ìyàwó fẹ́.

Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ilé tí wọ́n ń kó okùn sí ló ti ń ṣiṣẹ́. Okùn ọkọ̀ ojú omi, okùn tí wọ́n fi ń fa ẹrù. Níbẹ̀, bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni okùn ń sanra. Nọ́ńbà mẹ́wàá, o lè fi di àpò. Nọ́ńbà ọgọ́rin, ó lè dá ọkọ̀ ojú omi dúró. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan yà wọlé. Ó ti ń wá òwú kiri láti àárọ̀, ẹnìkan ló júwe ibẹ̀ fún un. Ó ní òun fẹ́ ọgọ́rin. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Apá rẹ̀ kò ju igi ìgbálẹ̀ lọ.

"Ṣé o lè gbé e?" ló bi í.

Ọmọbìnrin náà ní inú àpamọ́wọ́ òun ni òun máa fi í sí. Ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí bá wọ inú lọ, ó yí okùn kan jáde tó sanra tó itan àgbàlagbà. Ó ń làágùn. Ọmọbìnrin náà wo okùn, ó wo ẹni tó yí i jáde, ó jókòó lórí okùn náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ibẹ̀ ló ti kọ́ pé nínú ayé òwú, gbogbo nǹkan dorí kodò. Nọ́ńbà kékeré ni òwú ńlá. Mẹ́wàá nípọn. Ogún tẹ̀ lé e. Ogójì tín-ín-rín. Ọgọ́rin dà bí irun orí ọmọ ọwọ́. Ó bi í pé ọgọ́rùn-ún ńkọ́. Ọmọbìnrin náà ní ìyá òun nìkan ló ń ṣe ìyẹn, ìyá òun sì ti kú.

Ó fẹ́ ẹ. Ó fi okùn sílẹ̀, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù òwú nítorí rẹ̀. Ó máa ń sọ pé okùn tó lè dá ọkọ̀ dúró kò dá òun dúró, òwú bí irun ló so òun mọ́lẹ̀.

Ìyàwó náà ni wọ́n wá ń pè ní Ìyá Ọgọ́rin, nítorí pé kì í fọwọ́ kan òwú mìíràn. Láti ìgbà tó ti wà lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún ni orúkọ yìí ti wà lára rẹ̀, ó sì ti kó o sí wàhálà. Nílé ìwòsàn, akọ̀wé kan gbọ́ orúkọ, ó kọ ọgọ́rin síbi ọjọ́ orí, ó ní kí wọ́n lọ gbé àga onítáyà wá. Ìyá Ọgọ́rin fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá a, ó ní kó bọ́ sórí àga náà kí òun tì í lọ sílé.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò gba ẹ̀rọ. Ọkọ̀ òwú kan ni, kò gùn ju ìka lọ, ẹnu rẹ̀ méjèèjì pàdé bí ẹnu ẹja tó ń sùn. Inú rẹ̀ ni òwú wà. Á ta òwú sórí ìka ọwọ́ òsì, á máa fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ọkọ̀ náà gba abẹ́, gba orí, á máa so kókó. Bí kókó bá pé ogún, á fà á, á di òrùka. Òrùka márùn-ún, òdòdó kan. Láàárín kókó, á jẹ́ kí òwú yọ etí kékeré jáde. Etí yìí ni òrùka kan fi ń di òrùka kejì mú. Bí òwú bá sì ṣe ń tú nínú ọkọ̀ náà ni ó ń dún. Tík. Tík, tík. Bàbá Olówùú ti gbọ́ ọ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Tí kò bá gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á ké láti inú ṣọ́ọ̀bù pé, ìyá wọn, ṣé kò sí o.

Ẹnu obìnrin yìí mú. Ẹni tó bá ń fi ogún so léèsì, ó ní okùn ewúrẹ́ ló ń lọ́. Ẹni tó bá ń fi ogójì so ó, ó ní àwọ̀n ni, kó lọ fi pẹja. Ó sì ti sọ ọ́ níwájú gbogbo obìnrin àdúgbò pé lọ́jọ́ tí ọgọ́rin bá kọ òun, òun á ju ọkọ̀ òwú sínú ṣáláńgá, ó parí. Wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Ó ti ju rédíò kan síbẹ̀ rí. Rédíò náà ní òjò ò ní rọ̀, ó sá aṣọ, òjò rọ̀.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ rẹ̀ kàn rí i pé àga rẹ̀ ń rìn. Láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó dé ojú fèrèsé. Láti ojú fèrèsé, ó dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó yá, ó ti bọ́ sí ìta gbangba, ó ń bá oòrùn kiri bí aṣọ tí wọ́n sá. Bàbá bi í pé kí ló dé. Ó ní atẹ́gùn ni òun ń gbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá a níbẹ̀. Ọkọ̀ òwú wà nílẹ̀. Ìyá Ọgọ́rin ń fi abẹ́rẹ́ tú kókó kan tó ti lọ́ pọ̀. Ó ń tú u, kókó náà ò tú. Ó ní òwú náà ló dọ̀tí. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Lẹ́yìn náà, ó wo ọ̀nà ṣáláńgá. Ó pẹ́ tó fi wò ó.

Bàbá Olówùú wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé kẹ́tùlù kaná. Ó mú róòlù ọgọ́rin kan, ó fi í sí ẹnu kẹ́tùlù níbi tí èéfín ti ń jáde. Lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ rọ̀, ó ṣí. Ó ṣí ti ọgọ́ta náà. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ nọ́ńbà ọgọ́rin mọ́ òwú ọgọ́ta, ó gbé àwo lé e kó lè tẹ́. Nígbà tó gbẹ, ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀. Ó ní ọgọ́rin tuntun ti dé, pé wọ́n fọ èyí dáadáa. Ìyàwó gbà á, ó so òrùka kan.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ló wí. "Òwú nìyí. Mo sọ fún yín pé ti tẹ́lẹ̀ dọ̀tí."

Àga rẹ̀ padà sí ojú fèrèsé.

Irọ́ ni. Bàbá mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n tík ń dún.

Fìlà ọmọ tuntun ló kọ́kọ́ fẹ́ tú àṣírí. Kò sí ọmọ-ọmọ tí wọ́n bí tí Ìyá Ọgọ́rin kì í so fìlà léèsì fún. Irú kan náà ni gbogbo rẹ̀, òdòdó mẹ́rìnlá yí ká, kò lé, kò dín. Fìlà àkọ́kọ́ àti èkejì bá orí mu rẹ́gí. Ìkẹta, tó jẹ́ ti ọgọ́ta, bọ́ bo ọmọ lójú. Ìyá Ọgọ́rin wo ọmọ náà, ó ní orí rẹ̀ kéré. Nígbà tí wọ́n fi bí ìkẹrin, Bàbá ti sún un dé ogójì. Fìlà náà bo ọmọ dé èjìká, ọmọ sùn nínú rẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ ti ṣú. Bàbá ọmọ dé e wò, ó bá a mu. Nígbà tí ìkarùn-ún náà rí bẹ́ẹ̀, Ìyá Ọgọ́rin pe ọmọbìnrin rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kó má bínú o, ìdílé ọkọ rẹ̀ ni, orí wọn ń kéré láti ìran dé ìran. Ọkọ ọmọ rẹ̀ gbọ́. Odidi oṣù kan ló fi ń wo orí ara rẹ̀ nínú dígí.

Bàbá Olówùú gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni ti kọ́là Ọ̀gá. Ọ̀gá yìí ni olórí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní ìparí àdúgbò. Obìnrin ńlá ni. Bó bá kí ọ ní kàárọ̀, wàá rò pé o ti pẹ́ dé kíláàsì. Nígbà tó kọ́kọ́ gba iṣẹ́, ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, Ìyá Ọgọ́rin ló so kọ́là léèsì funfun fún un. Ìlàjì méjì ni, ọ̀tún àti òsì, òdòdó mẹ́tàlá ní ìlàjì kọ̀ọ̀kan. Ó wá fẹ́ fẹ̀yìn tì báyìí. Kọ́là yẹn ló fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ tó máa dágbére, òun ló fẹ́ fi ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù alágbàfọ̀ ti jó ìlàjì òsì. Ó di ìlàjì tó kù sínú bébà, ó gbé e wá, ó ní kí wọ́n so òsì tuntun tó máa bá ọ̀tún dọ́gba. Oṣù kan ló kù.

Ìyá Ọgọ́rin fi ìka tẹ léèsì àtijọ́ náà lọ, tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Ó ní òun rántí róòlù tí òun ti mú un, ọgọ́rin gidi. Ó ní kí Bàbá wọn lọ mú ọgọ́rin wá.

Bàbá Olówùú wọ ṣọ́ọ̀bù lọ. Òdòdó kan náà, kókó kan náà, bí o bá fi ogójì so ó, á tóbi ju ti ọgọ́rin lọ. Kò sí àdúrà tó lè yí ìyẹn padà. Bó bá gbé ọgọ́rin tòótọ́ fún un, kò ní rí i. Ó sì mọ ibi tí ọkọ̀ òwú máa lọ. Bó bá gbé ogójì fún un, òsì ò ní bá ọ̀tún dọ́gba, gbogbo ayé á rí i. Ó dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó ń wo òwú. Òwú ń wò ó. Ó gbé ogójì, ó ní ọgbọ́n á dé.

Ọgbọ́n dé, kò dára. Nígbà tí òdòdó pé mẹ́ta, tí Ìyá Ọgọ́rin lọ wẹ̀, ó jí léèsì náà, ó sè é nínú ìkòkò bóyá á sún kì. Ó funfun sí i. Kò sún kì. Ó tilẹ̀ dà bí ẹni tó sinmi, ó na ara. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Ọ̀gá nílé-ẹ̀kọ́, ó fi ọ̀wọ̀ bi í bóyá èjìká rẹ̀ òsì kò ga ju ọ̀tún lọ, bóyá kò ní fẹ́ kí kọ́là fẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀gá wò ó títí. Ó bi í bóyá ó ti jẹun láàárọ̀.

Nígbà tí òdòdó di márùn-ún, Ìyá Ọgọ́rin gbé tuntun lé àtijọ́ lórí tábìlì. Ìka ló fi wọ̀n ọ́n. Òdòdó márùn-ún tuntun ti dé ibi òdòdó keje àtijọ́. Ó fi èékánná ka kókó inú òrùka tuntun, ogún ni. Ó ka ti àtijọ́, ogún ni.  Bàbá Olówùú wà lẹ́nu ọ̀nà, ó di ilẹ̀kùn mú.

"Bàbá wọn," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "a ti mú olè."

"Olè wo?"

"Ilé-iṣẹ́ òwú. Òwú nínípọn ni wọ́n ń lẹ ọgọ́rin mọ́ lára. Ẹ mú bíírò."

Ó pe lẹ́tà, ọkọ ń kọ. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ni, "Ẹ̀yin olè tí ẹ so táì." Bàbá bi í bóyá kí wọ́n má kọ́kọ́ kí wọn. Ó ní kíkí ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ó sọ fún wọn pé òun ti ń lo òwú wọn kí wọ́n tó bí ọ̀gá wọn. Ó ní òwú tí wọ́n kó ránṣẹ́ yìí, kí wọ́n fi fa mọ́tò tó bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá kí wọn, ó kí ìyàwó wọn, ó kí ọmọ wọn. Bàbá Olówùú ká lẹ́tà náà, ó ní òun ń lọ fi ránṣẹ́. Ó rin àdúgbò yí ká lẹ́ẹ̀kan, ó padà wọlé. Inú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ni lẹ́tà wà.

Lójoojúmọ́ ni Ìyá Ọgọ́rin ń béèrè pé ṣé wọ́n ti fèsì. Kò so òdòdó kẹfà. Ó ní òun kò ní fi òwú olè ba iṣẹ́ jẹ́. Bàbá rò ó pé kí òun kọ èsì náà fúnra òun. Ó kọ ọ́ dé "Ìyá, ẹ má bínú," ó rí i pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí òun kọ ló ń ṣubú sósì bí ẹni tó mutí, ìyàwó òun sì mọ ọwọ́ ìkọ̀wé òun. Ó fà á ya.

Kò mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ti dá ọgbọ́n tirẹ̀. Ó ti tún lẹ́tà náà pè fún ọmọbìnrin wọn láti orí dé ìdí, ó ní kí ó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, kí ó ya fọ́tò léèsì àti lébẹ́ẹ̀lì, kí ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Ọmọ náà ò mọ nǹkan kan. Ó fi ránṣẹ́.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mọ́tò kékeré kan dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù. Aṣojú ilé-iṣẹ́ òwú ló sọ̀ kalẹ̀, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan. Ó so táì. Bàbá Olówùú sáré bọ́ síta, ó ní àwọn ti ti ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin náà ní òun ò wá rajà, lẹ́tà ìyá kan ló gbé òun wá. Bàbá ní kò sí ìyá kankan níbí.

"Èmi nìyí," ni Ìyá Ọgọ́rin wí láti ẹ̀yìn rẹ̀. "Máa wọlé, ọmọ mi. Bàbá wọn, ẹ kúrò lọ́nà."

Aṣojú náà ní ẹ̀kọ́. Ó kí wọn dáadáa. Ó gbé páálí kan jáde tí ilé-iṣẹ́ ti lẹ̀ pa, ó fa ẹnu rẹ̀ ya níwájú wọn, ó mú róòlù ọgọ́rin kan, ó já òwú díẹ̀ nínú rẹ̀, ó fi sí àtẹ́lẹwọ́ Ìyá Ọgọ́rin. Ó tún na gíláàsì kan sí i, irú èyí tó ń sọ nǹkan di ńlá. Ìyá Ọgọ́rin tì í padà. Ó ní òwú ni òun fẹ́ wò, kì í ṣe kòkòrò.

Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó gbé e súnmọ́ ojú. Ó gbé e jìnnà. Ó kọjú sí fèrèsé.

"Fi òwú náà sí mi lọ́wọ́," ló wí.

Aṣojú wo Bàbá Olówùú. Bàbá Olówùú wo òrùlé.

"Ó ti wà lọ́wọ́ yín, Ìyá."

 Ìyá Ọgọ́rin fi ìka wá òwú náà kiri lórí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ títí ó fi rí i. Ó béèrè pẹ́ńsù. Báyìí ni àwọn tó ń so léèsì ṣe ń wọn òwú: wọ́n á we é mọ́ pẹ́ńsù, ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kejì, wọn ò ní jẹ́ kó gun ara wọn, títí á fi gba fífẹ̀ èékánná àtàǹpàkò. Wọ́n á wá ka iye ìgbà tó yí. Òwú tó bá tín-ín-rín ló máa yí jù. Ó di ojú rẹ̀ méjèèjì, ó ń we é. Òwú inú páálí yí ní ìgbà mẹ́rìndínlógójì. Ó mú èyí tó ti ń lò, tí wọ́n kọ ọgọ́rin sí lára. Ìyẹn yí ní ìgbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Èékánná ti kún.

"Ogójì ni èyí," ló wí.

Aṣojú gba róòlù náà. Ó wo lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní lébẹ́ẹ̀lì àwọn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù yìí kì í ṣe tàwọn. Ó fẹ́ máa sọ̀rọ̀ lọ. Ó rí ojú Bàbá Olówùú, ó pa ẹnu dé.

"Ọmọ mi, máa lọ," ni Ìyá Ọgọ́rin wí. "Ilé-iṣẹ́ yín ò jẹ̀bi. Inú ilé yìí ni olè wà." Ó ní kó bá òun bẹ ọ̀gá rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ táì yẹn. Ọkùnrin náà ní kò burú, pé wọ́n ti lẹ lẹ́tà náà mọ́ ògiri ọ́fíìsì, wọ́n ń kà á ní gbogbo àárọ̀. Ó sáré jáde.

Ó ku àwọn méjèèjì. Ìyá Ọgọ́rin kò pariwo. Ìyẹn ló ba Bàbá lẹ́rù.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó ọdún mẹ́fà."

"Fìlà ọmọ kẹta?"

"Ọgọ́ta."

"Ti ẹ̀kẹrin?"

"Ogójì."

"Ti ẹ̀karùn-ún?"

"Ogójì náà ni. Mo ti ń ro ti ogún bọ̀."

"Ẹ ti ń ro ti ogún bọ̀." Ó mi orí. "Okùn ewúrẹ́. Ẹ fẹ́ gbé okùn ewúrẹ́ lé mi lọ́wọ́, kí n máa fi yangàn láàárín àwọn obìnrin."

Bàbá Olówùú jókòó sórí páálí òwú. Ó ní, "Mo rí ọ lọ́jọ́ yẹn tí o ń wo ọ̀nà ṣáláńgá. Bí ọkọ̀ yẹn bá wọ ibẹ̀, kí ni èmi á máa gbọ́ nínú ilé yìí? Rédíò náà ti wà níbẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó fi áńkáṣíìfù di ọkọ̀ òwú, ó jáde sẹ́yìn ilé. Bàbá tẹ̀ lé e, ó dúró lẹ́bàá ògiri. Ìyá Ọgọ́rin dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ṣáláńgá pẹ́. Ó padà wọlé, ó gbé ìdì náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Kò jù ú nù. Kò sì fi ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni. Ilé dákẹ́. Bàbá Olówùú bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nǹkan tí kò gbọ́ rí. Ó gbọ́ omi tó ń kán nínú ẹ̀rọ. Ó gbọ́ aago. Ó gbọ́ eyín ara rẹ̀ tó bá ń jẹun. Ó ní òun á tún ohun tí òun bàjẹ́ ṣe. Ó gbé kẹ́tùlù kaná láti àárọ̀, ó ń ṣí gbogbo lébẹ́ẹ̀lì èké, ó ń dá wọn padà sáyè wọn. Àwọn tó ń kọjá rí kẹ́tùlù, wọ́n bi í bóyá tíì ló ń tà báyìí. Oníbàárà kan béèrè ogójì, ó gbé ogún fún un. Òun tí kì í ṣì í. Lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ ló ń gun àga wo orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìdì náà wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, Ọ̀gá ń bọ̀ lókèèrè. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan tó máa dágbére. Bàbá Olówùú sáré pàdé rẹ̀ ní títì, ó ní òwú ti tán ní gbogbo ayé. Ọ̀gá wo ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn rẹ̀, òwú kún un dé òrùlé.  Ó kàn fi ọwọ́ gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wọlé.

Ìyá Ọgọ́rin fún un ní àga. Ó gbé ìlàjì àtijọ́ síwájú rẹ̀, ó gbé òdòdó márùn-ún tuntun tì í. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú," ni Ìyá Ọgọ́rin wí. "Mi ò lè so ó. Ọgọ́rin ti kọ̀ mí. Ojú mi ò rí i mọ́. Ogójì ni ọwọ́ mi mọ̀ báyìí, ohun tí mo sì so tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹ bá rí ẹlòmíràn tó lè ṣe é, ẹ gbé e fún un."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Ó sọ ọ́ tán, ó gbé ọwọ́ lé itan.

Ọ̀gá gbé léèsì méjèèjì, ó wò wọ́n. Ó gbé wọn kalẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń jẹ́ ogójì?"

Tọkọtaya náà wo ara wọn. Ìyá Ọgọ́rin ní nọ́ńbà òwú ni. Ọ̀gá ní áà, pé láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n yìí, òun rò pé nọ́ńbà ilé wọn ni ọgọ́rin. Ó ní òun ti ń wò ó pé kí ló dé tí wọ́n kọ méjìlá sára ògiri.

Ó mú òdòdó márùn-ún náà, ó lọ síwájú dígí, ó fi í sí ọrùn. Ó dúró síbẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí Bàbá Olówùú, ó ní kí ó bá òun ti ilẹ̀kùn. Ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì kéré, ohùn tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ kò gbọ́ rí.

"Alágbàfọ̀ ò jẹ̀bi. Èmi ni mo ní kó fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná fà á kó gùn. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí kọ́là yẹn ò ti dé ọrùn mi mọ́."

Ìyá Ọgọ́rin dìde. Ó fa òwú kan, ó fi yí ọrùn Ọ̀gá ká, ó fi ìka wọ̀n ọ́n, ó wọn òdòdó tuntun náà.

"Èyí tó tóbi yìí," ni Ọ̀gá bi í, "ṣé á dé?"

"Á dé. Ẹ ó tún lè mí nínú rẹ̀."

"Ẹ so méjèèjì báyìí. Ọ̀tún àti òsì. Ẹ fi àtijọ́ sílẹ̀."

Bàbá Olówùú ní òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé èjìká Ọ̀gá… Àwọn obìnrin méjèèjì wò ó. Ó lọ ṣí ilẹ̀kùn.

Nígbà tí Ọ̀gá lọ tán, Ìyá Ọgọ́rin di léèsì àtijọ́ padà sínú bébà. Lẹ́yìn náà, ó ní kí ọkọ rẹ̀ bá òun gbé ìdì tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù sọ̀ kalẹ̀. Bàbá ti gun àga kí ó tó parí ọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní kí ó mú ogójì wá, èyí tí wọ́n kọ ogójì sí lára. Ó mú un wá. Ìyá Ọgọ́rin fi èékánná ha etí lébẹ́ẹ̀lì náà. Kò ṣí. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó tún ha á. Ó wá fa òwú náà, ó ń we é sínú ọkọ̀.

Ó ní mọ́kànlélógún ni òdòdó tó kù, kí ó jókòó tì òun, kí ó máa kà á bí òun bá ṣe ń so ó. Ó ní kò gbọdọ̀ fò, kò gbọdọ̀ fi kún un, bó bá pa irọ́ kan péré, òun á mọ̀.

Bàbá Olówùú jókòó. Ó ń dúró de òdòdó kìíní, kí ó lè ka ọ̀kan.